Ilé Kíkọ́ Kọ́ Ni Ìtọ́jú

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu gbogbo wa. Níbikíbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá péjọ sí láti sọ̀rọ̀ nípa àṣà, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Èkó, ìbáà ṣe ní ìpàdé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, ẹnì kan yóò dìde, yóò gbá àyà, yóò ní kí àwọn Òyìnbó dá ohun tí wọ́n kó ní ilẹ̀ wa padà. Àtẹ́wọ́ yóò dún. Ẹlòmíràn yóò dìde, yóò ní ó yẹ kí ìjọba wá kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní mùsíọ́mù, sí ìlú tiwa náà. Àtẹ́wọ́ yóò dún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi náà wà lára àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni àkọ́kọ́, nítorí pé ohun olóhun kò lè ṣàì jẹ́ ohun olóhun. Ṣùgbọ́n ìjà ni mo bá wá nínú orí ìwé yìí. Mo ń bá gbogbo àwa tí a rò pé bí ẹrù bá ti dé, tí ilé sì ti dúró, iṣẹ́ ti parí jà. Iṣẹ́ kò parí. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún sì ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Òtu ni mo ń wò bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ni, ó wà ní ọ̀nà tí ó ti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀. Ẹ bi àgbẹ̀ Òtu léèrè, yóò sọ fún yín pé ọjọ́ tí a wa iṣu kọ́ ni a tó ní iṣu. Iṣu tí a wà tí a kò kó sí àká, oòrùn àti olè ni wọ́n ni ín. Àgbẹ̀ a bo àká rẹ̀ kí oòrùn má baà jó iṣu. A tò wọ́n kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gba àárín wọn. A máa yẹ̀ wọ́n wò láti ìgbà dé ìgbà, kí ó lè yọ èyí tí ó bá ti ń rà kúrò kí ó tó kó bá ìyókù. Ó mọ iye tí ó kó wọlé, ó sì mọ iye tí ó kù. Bí ogún iṣu bá dín nínú rẹ̀ lóru, yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ohun tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tí ó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé àwa tí a kì í fi iṣu ọdún kan ṣeré ni a ń fi ère ọgọ́rùn-ún ọdún ṣeré.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Bí ère kan, tàbí aṣọ kan, tàbí ìlù kan bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun àkọ́kọ́ ni ìwé. A óò kọ ọjọ́ tí ó wọlé, ẹni tí ó mú un wá, ìlú tí ó ti wá, orúkọ tí àwọn tí ó ni ín ń pè é, àti bóyá ó tà á ni, bóyá ó fi ta wá lọ́rẹ ni, tàbí ó kàn fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́. A óò fún un ní nọ́ńbà, a óò sì kọ nọ́ńbà náà sí ara rẹ̀ níbi tí kò ti ní ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. A óò wọn gígùn àti ìbú rẹ̀. A óò ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ibi tí ó bá ti sán, tí ó ti ṣẹ́, tàbí tí kòkòrò ti jẹ, a óò kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ lọ́la pé bẹ́ẹ̀ ni ó wà. A óò kọ yàrá tí a gbé e sí àti pẹpẹ tí ó wà. Bí a bá gbé e kúrò níbẹ̀, kódà bí ó jẹ́ yàrá kejì ni, a óò kọ ìyẹn náà. Bí ọdún bá sì yí po, a óò mú ìwé lọ́wọ́, a óò máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àgbẹ̀ ti ń ka iṣu. Ohun tí a kò bá ṣe báyìí fún kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ó kàn wà nínú ilé wa ni.

Lẹ́yìn ìwé ni ogun tí a kò fi ojú rí. Ikán ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tí í jẹ igi láti inú títí yóò fi di ìyẹ̀fun nígbà tí ara rẹ̀ lóde ṣì ń dán. Ojú ọjọ́ Òkè-Ògùn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ igi. Ní ìgbà òjò, igi a mu omi láti inú afẹ́fẹ́, a wú. Bí ọyẹ́ bá dé, omi náà a gbẹ, igi a súnkì, a sì sán. Ìwúsúnkì yìí ni í la ère sí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ń gba ojú fèrèsé wọlé a máa pa àwọ̀ aṣọ díẹ̀díẹ̀. Ẹtù tí ó dúdú minimini a ṣì, àlàárì a sì pàdánù pípọ́n rẹ̀. Aṣọ òfì tí a ká tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀ a já ní ojú ibi tí a ti ká a. Nítorí náà, ṣe ni à ń yí i mọ́ ọ̀pá bí ẹní. Òógùn ọwọ́ lásán a máa jẹ idẹ. Olùtọ́jú ní láti mọ gbogbo èyí, kí ó sì máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́, lọ́dọọdún, títí yóò fi fẹ̀yìn tì, kí ó tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tí ó mú ariwo dání nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí í gé ríbọ́ọ̀nù fún ìwé àkọsílẹ̀. Kò sí gómìnà tí yóò kó akọ̀ròyìn lẹ́yìn wá wo àpótí tí kòkòrò kò wọ̀. Ilé tuntun ni à ń fi han àlejò, orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ ni à ń kọ sára ògiri. Orúkọ ẹni tí yóò máa gbá eruku ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí níbì kan. Ìdí nìyí tí owó fi ń wá fún bíríkì, tí kì í wá fún owó oṣù. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí mo fi ń sọ pé ilé kíkọ́ kọ́ ni ìtọ́jú.

Kì í ṣe pé a kò ní ìpìlẹ̀ tí ó dára. Ní 1943 ni ìjọba amúnisìn fi Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó ti dé Nàìjíríà láti 1927, ṣe alábòójútó ohun àtijọ́. Ní 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ ní Ẹsìẹ̀, nítorí àwọn ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tí ó wà níbẹ̀. Ti Jos tẹ̀lé e ní 1952, ti Ifẹ̀ ní 1954, ti Èkó ní 1957. Ní 1979, Òfin 77 dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, ó sì fòfin de kíkó ohun àtijọ́ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin náà rí i pé òfin kò wọ́n wa, ilé kò sì wọ́n wa.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a kó jọ. Ní Oron, àwọn ère ekpu tí ó lé ní 600 ni a kó jọ kí ogun abẹ́lé tó dé; nígbà tí ogun parí ní 1970, ìdá kékeré ni ó kù. A lè di ẹ̀bi ìyẹn ru ogun. Ta ni a óò di ẹ̀bi ti Jos rù? Ní 1987, ní ìgbà àlàáfíà, àwọn olè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, wọ́n kó ẹrù lọ, orí idẹ Ifẹ̀ kan sì wà nínú ohun tí wọ́n kó. Ta ni a óò di ẹ̀bi ti Ifẹ̀ rù? Láàrin 1993 sí 1994, léraléra ni wọ́n ja ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ lólè, tí wọ́n kó àwọn orí alámọ̀ tí kò sí irú wọn mọ́ láyé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri wa ni ó lanu.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí nìyí. Ní 1994, àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé tẹ ìwé kan jáde tí ó ní àwòrán ọgọ́rùn-ún ohun tí a jí ní Áfíríkà, àwọn ti Ifẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìwé náà jáde tí a fi rí mẹ́ta nínú àwọn orí Ifẹ̀ ní Paris, wọ́n sì dá wọn padà ní 1996. Orí idẹ tí a jí ní Jos, ní 2017, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó yọjú ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá sì tẹ̀ ẹ́. Kí ni ó mú kí wọ́n dá àwọn ohun wọ̀nyí mọ̀? Kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe ilé alájà mẹ́wàá. Fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ni. Ẹnì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ti jókòó nígbà kan rí, ó ti wọn orí náà, ó ti yà á, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà ni ó mú un padà bọ̀. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ tí a jí, a kò lè sọ pé a jí i. Ẹni tí ó bá ń sunkún rẹ̀ kò ní ẹ̀rí kankan.

Ìwé nìkan kò tó bí olùtọ́jú kò bá ní agbára láti sọ pé rárá. Ní 1973, nígbà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń múra láti lọ kí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní Lọ́ńdọ̀nù, orí idẹ Benin kan ni a mú ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó láti fi ṣe ẹ̀bùn fún un. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó fi wà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n rò pé ayédèrú ni, títí di 2002 tí wọ́n wá mọ̀ pé ojúlówó ni. A ń bínú sí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kó Benin ní 1897, ó sì tọ́ kí a bínú. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àwọn ni ó kó o. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa gbé e fún wọn, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, àṣẹ ẹni tí ó wà lókè ju ìwé tí ó wà nínú yàrá ẹrù lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, àká tí kò ní ìlẹ̀kùn ni a ní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà lókè òkun tí ọ̀rọ̀ mi yìí yóò dùn mọ́ nínú. Wọn yóò ní, ẹ kò gbọ́ bí? Ọmọ wọn fúnra rẹ̀ ti sọ pé wọn kò lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà kí a tó wá fi àbọ̀ bá adìẹ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n lé akátá ná. Ní oṣù kẹjọ 2023, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù kéde pé àwọn ohun kan ti sọnù, tí a jí, tàbí tí a bà jẹ́ nínú yàrá ẹrù wọn; nǹkan bí 2,000 ni iye rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Hartwig Fischer, fi ipò sílẹ̀. Kí ni ó jẹ́ kí olè náà rọrùn? Púpọ̀ nínú àwọn ohun kékeré wọ̀nyí ni a kò tíì kọ sílẹ̀ dáadáa, tí a kò sì ya fọ́tò wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 2018, iná jó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Brazil ní Rio de Janeiro. Nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ohun ni ó wà níbẹ̀, ìtẹ́ tí Adandozan ọba Dahomey fi ránṣẹ́ sí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà lára ohun tí ó jóná. Ọdún púpọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń pariwo pé owó ìtọ́jú kò tó.

Kò sí ẹ̀yà tí àìbìkítà jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀yà tí a bí ìtọ́jú mọ́. Níbikíbi tí a bá ti fi ojú yẹpẹrẹ wo iṣẹ́ yàrá ẹrù, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń ṣòfò, ìbáà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ìbáà jẹ́ Ifẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí aládùúgbò mi bá gbé ewúrẹ́ mi, kò lè sọ pé òun kò ní dá a padà nítorí pé ọgbà mi ti ya. Kí ó dá ewúrẹ́ padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mọ̀ pé ewúrẹ́ ń bọ̀, èmi ni ó yẹ kí n tún ọgbà mi ṣe, kì í ṣe nítorí tirẹ̀ bí kò ṣe nítorí ewúrẹ́.

Akátá ti lọ. Ó wá ku adìẹ. Àwọn kan wà láàrin wa, àwọn ọ̀mọ̀ràn ni wọ́n, tí wọ́n ń sọ pé àṣà pípa nǹkan mọ́ kì í ṣe ti Yorùbá rárá. Wọ́n ní bí ère bá ti rà, a óò gbẹ́ òmíràn. Wọ́n ní Òyìnbó ni ó kọ́ wa láti máa kó ohun tí ó ti kú sínú àpótí dígí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyá ìbejì. A máa wẹ ère ìbejì rẹ̀, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi aró sí i lórí, a máa fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, a óò sì tẹ́ ẹ sùn bí ọmọ. Àwọn ère ìbejì kan wà tí ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nítorí ọwọ́ ìtọ́jú tí ó ti kàn wọ́n láti ìran dé ìran. Ẹ wo àwọn tí ó ni ẹ̀kú egúngún, bí wọ́n ti ń tú u, tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń lé aṣọ tuntun mọ́ ti àtijọ́ kí ọdún tó dé. Ẹ wo ohun tí a gbé sí àjà lókè iná ìdáná, kí èéfín lè lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo òrí, tí ọ̀dàn tiwa fún wa lọ́pọ̀lọpọ̀, bí a ti ń fi í ra awọ àti igi kí wọ́n má baà gbẹ. Kí ni a ń pe gbogbo èyí bí kì í bá ṣe ìtọ́jú? Àwọn baba wa ní olùtọ́jú. Àwa ni a pa ipò náà rẹ́, tí a kò sì fi ohunkóhun dípò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì ní a óò gbẹ́ òmíràn, mo fẹ́ bi í: ta ni yóò gbẹ́ ẹ? Agbẹ́gilére a máa wo iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó mọ bí a ti ń ṣe é. Bí àtijọ́ bá ti pa rẹ́ kí àtúngbẹ́ tó wáyé, kò sí ohun tí yóò wò. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa fi ọnà gbígbẹ́ ṣe ilẹ̀kùn àti òpó ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Kò pé ọdún méjìlá lẹ́yìn náà tí ìlú ńlá náà fi túká. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn níbí ni àwọn òpó wọ̀nyẹn dúró sí. Ta ni ó lè fi ẹyọ kan hàn mí nínú wọn lónìí? Láti inú ìwé àlejò ni a ti gbọ́ pé wọ́n wà rí. Àlejò kọ ọ́ sílẹ̀. Onílé kò kọ ọ́. Èyí ni ó yẹ kí ó máa dùn wá ju ohunkóhun lọ.

Àwọn kejì ni àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀sìn gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní òrìṣà ni, kí a dáná sun ún. Èmi kò bá wọn jà lórí ìgbàgbọ́ wọn. Kì í ṣe ẹbọ ni mo ní kí a rú. Ẹni tí kò fẹ́ bọ ère lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn Gíríìkì ti di onígbàgbọ́ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn, síbẹ̀ ère òrìṣà àwọn baba wọn wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Athens, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ padà di abọ̀rìṣà.

Àwọn kẹta ni mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ: àwọn aláwo àti àwọn tí ó ni ohun náà ní ti gidi. Wọ́n ní ohun mìíràn kò yẹ kí gbogbo ojú rí, wọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé a máa sọ ohun ààyè di òkú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Èmi kò sọ pé kí a kó gbogbo nǹkan jáde nínú igbó àti nínú ilé awo. Ohun tí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ohun tí ó bá jẹ́ awo, kí a má kọ àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí aláwo pàápàá ní ìwé tirẹ̀, kí ó mọ iye ohun tí baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Mélòó nínú ère ojúbọ ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti di ohun títà ní òru láti ọwọ́ ọmọ ilé fúnra rẹ̀, tí olórí ẹbí kò mọ̀ àfi lọ́jọ́ ọdún? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kò fi ìwé ẹrù hàn ni yóò gbé ẹrù tà. Ibodè orílẹ̀-èdè Benin kò jìnnà sí Òkè-Ògùn, ohun tí ó bá sì ti kọjá ibodè ní òru, ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Kí ni mo ń fẹ́, nígbà náà, fún Òtu àti fún àwọn ìlú tí ó yí i ká, Ìpàpó, Kómu, Òkè-Àmù, Ìgbójàyè, àti ìyókù? Èmi kò ní kí a má kọ́ ilé láéláé. Mo ní kí a má fi ilé ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ ra ìwé. Kí a yan ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n mọ ìwé kọ, tí wọ́n sì gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, kí a rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì fi owó oṣù wọn sínú ìwé ìnáwó ọdọọdún, kì í ṣe sínú ìlérí. Kí wọ́n lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, pẹ̀lú àṣẹ ọba àti ti àwọn baálé. Ẹni tí ó bá gbà, kí wọ́n kọ ohun tí ó ní sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹrù sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlù ni, òfì ni, ìkòkò aró ni, ẹ̀kú ni, ère ni, irin iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni. Kí wọ́n má kàn kọ gígùn àti ìbú, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, àti ohun tí àwọn àgbà ilé sọ nípa rẹ̀. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò ní dúró dè wá.

Ẹnì kan yóò ní, ṣé ìwé náà kò ní di atọ́nà fún olè? Ìbéèrè tí ó gbọ́n ni, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn. Kí a má tẹ ìwé náà jáde. Kí a ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ààfin, kí ọ̀kan wà pẹ̀lú ìjọba, kí ẹ̀kẹta wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó jìnnà sí wa, kí iná tàbí ìjà kan má baà lè jó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí fọ́tò má gbé orúkọ agbo ilé. Olè mọ ohun tí ó wà nílé wa láìka ìwé kankan. Àwa onílé nìkan ni a kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wá yàrá kan, yàrá kan péré, tí òrùlé rẹ̀ kò jò, tí ikán kò gun ògiri rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ méjì lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Kí a pe àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn wá láti sọ fún wa bí a ti í tọ́jú sányán, nítorí pé ẹni tí ó hun aṣọ ni ó mọ ibi tí aṣọ ti ń já. Kí a máa ka ẹrù lọ́dọọdún níwájú ìlú, bí ẹgbẹ́ aláàjọ ti ń ka owó. Kí ó sì wà nínú òfin pé kò sí ọba, kò sí alága, kò sí gómìnà tí ó lè fi ohun kan níbẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ. Bí a bá ti ṣe èyí fún ọdún márùn-ún tí kò bàjẹ́, kí a wá kọ́ ilé tí a fẹ́, kí a sì pe ẹni tí a fẹ́ kí ó wá gé ríbọ́ọ̀nù.

Ohun tí ó jẹ́ kí n máa kánjú ni pé ìgbà ìdápadà ti dé. Ní oṣù kejìlá 2022, ìjọba Jámánì fi ọwọ́ ara wọn kó ohun Benin 22 wá sí Àbújá. Ní 2025, Netherlands dá 119 padà. Láti 2023 tí ààrẹ ti fi àṣẹ sọ ohun tí a dá padà di ti Ọba Benin, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n kò tíì tán nílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn àwọn tí ń jà lórí ẹni tí ó ni ín, mo sì gbọ́ ohùn àwọn tí ń jà lórí ilé tí a óò kó o sí. Ohùn tí n kò tíì gbọ́ tó ni ti ẹni tí ń béèrè pé: ta ni yóò máa kà á, èló ni a óò máa san fún un, ta ni ó sì ń kọ́ lọ́wọ́ tí yóò rọ́pò rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá tún dìde ní ìpàdé, tí ó ní kí a kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ fún un mọ́. Ẹ béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ó ka orúkọ ohun mẹ́wàá tí yóò gbé sínú ilé náà, ibi tí wọ́n wà lónìí, àti ẹni tí ń tọ́jú wọn. Bí ó bá lè kà wọ́n, ẹ bá a dá owó. Bí kò bá lè kà wọ́n, ẹ fún un ní ìwé àti bírò, kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ ní agbo ilé tirẹ̀.